Ọ̀pá ìwọ̀ ọlọ́parun tí aládùúgbò fún mi: kí n tà á ni, àbí kí n fi pẹja?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Derby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Ìyá àgbà kan tí ilé wa jọ kángun síra kó ẹrù ìpẹja ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé fún mi. Ọ̀pá ọparun kan wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó pín sí abala méjì, ìdí àti orí, orí rẹ̀ sì jẹ́ méjì, kí a lè máa pààrọ̀ wọn. Ríìlì kan, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ká okùn sí, wà tí wọ́n kọ Perfect sí lára, okùn inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n tà á, kí n fi owó rẹ̀ ra ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tuntun, pé ìyẹn fúyẹ́, ó sì ń ju okùn jìnnà. Àmọ́ mo rí i pé àwọn òyìnbó ṣì ń wá irú ẹ̀ kiri. Kí ni wọ́n rí lára rẹ̀? Ṣé ó ṣì ṣeé lò?"

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tà á.

Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ọ̀pá ọparun ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sábà máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 120, nígbà tí ti kábọ́ọ̀nù tó tiẹ̀ gùn jù ú lọ lè má ju gíráàmù 80 tàbí 90. Kábọ́ọ̀nù sì ń ju okùn jìnnà ju ọparun lọ, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn odò tó wà nítòsí yín, Dove àti Wye ti Derbyshire, kì í ṣe odò tí à ń ju okùn jìnnà sí. Omi wọn mọ́ gaara, wọn ò fẹ̀, tìráòtù, ẹja tí wọ́n ń pa níbẹ̀, sì ń jẹun ní mítà mẹ́jọ sí méjìlá péré sí ẹni tó dúró létí omi. Ibi tí ọ̀pá ọparun ti mọ iṣẹ́ jù lọ nìyẹn, ohun tó sì fà á ni ìwúwo tí ọmọ yín ń bá a wí yẹn gan-an.

Ẹni tó bá mọ ìwọ̀ tiwa nílé mọ̀ pé òjé là ń so mọ́ okùn, òjé ló ń fa okùn lọ sínú omi. Ìwọ̀ oníyẹ́, irú èyí tí wọ́n ṣe ọ̀pá yín fún, kò ní òjé. Ìyẹ́ àkùkọ àti irun ẹran díẹ̀ ni wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ kékeré kí ó lè jọ kòkòrò tó bà sójú omi. Bí ẹ bá fi ọwọ́ jù ú, iwájú ẹsẹ̀ yín ni yóò bọ́ sí. Okùn fúnra rẹ̀ ni òjé níbí. Ó nípọn, ó wúwo. Bí a bá fì í sẹ́yìn, á tẹ ọ̀pá. Bí ọ̀pá bá ń nà padà, á ta okùn síwájú. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tó le kì í tẹ̀ dáadáa àfi bí okùn tó pọ̀ bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọparun ní tirẹ̀ ń fi ìwúwo ara rẹ̀ ran okùn lọ́wọ́, nítorí náà mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún okùn ti tó láti mú un tẹ̀. Ó tún ń tẹ̀ tẹ̀lé ẹja nígbà tí ẹja bá já lọ lójijì, kí okùn tín-ín-rín tó wà lẹ́nu ìwọ̀ má baà já. Ẹni tó bá ti fi í pẹja nínú odò kékeré mọ ìdí tí àwọn èèyàn yẹn fi ń wá a kiri.

Ẹ gbé ìdí ọ̀pá náà sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka igun rẹ̀. Mẹ́fà ni ẹ ó rí. Kì í ṣe ọparun kan ṣoṣo tí wọ́n gé wá láti inú igbó. Ẹ̀là mẹ́fà ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ọparun tí wọ́n ń pè ní Tonkin ni wọ́n fi ń ṣe é, ìpínlẹ̀ Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà ló ti ń hù. (Èyí tí wọ́n fi ń gbé pátákó ró níbi ilé kíkọ́ l'Ékòó kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.) Agbára ọparun wà nínú àwọn fọ́nrán tó sún mọ́ èèpo ẹ̀yìn, ti Tonkin ki, wọ́n sì nípọn níbẹ̀. Oníṣẹ́ á la ọparun, á fi iná rọ àwọn oríkèé rẹ̀ kí wọ́n lè tẹ́, á sì yan àwọn ẹ̀là náà nínú ààrò kí omi ara wọn lè gbẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fá ẹ̀là kọ̀ọ̀kan nínú irin tó ní ojú gbọọrọ, títí ẹ̀là á fi di onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì 60. Inú nìkan ló ń fá. Bí ó bá fá ẹ̀yìn, agbára ọ̀pá ló ń fá dànù. Ní íǹṣì márùn-ún márùn-ún ni yóò máa wọn bí ẹ̀là ṣe ń tín-ín-rín sí láti ìdí dé orí, àṣìṣe tí a sì lè gbà á láàyè kò ju ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì kan. Bí ó ṣe ń tín-ín-rín sí yẹn ló ń pinnu ìwà ọ̀pá: ibi tí yóò ti tẹ̀, bí yóò ṣe yára nà padà. Everett Garrison, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní New York, jókòó ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò afárá, àwọn oníṣẹ́ òde òní ṣì ń lo ìṣirò rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà ni ọ̀nà yìí ti gbilẹ̀. Samuel Phillippe ti Easton ní Pennsylvania ń ṣe ọ̀pá elẹ́là ní àwọn ọdún 1840, Hiram Leonard láti Maine sì sọ ẹlẹ́là mẹ́fà di ọjà ńlá ní àwọn ọdún 1870. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Hardy tó bẹ̀rẹ̀ ní Alnwick ní 1872 ni orúkọ rẹ̀ tàn jù. Àwọn ló ni ríìlì Perfect tó wà lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe àìdára ló lé ọparun kúrò lọ́jà. Ní 1950, Amẹ́ríkà ti ìlẹ̀kùn òwò mọ́ Ṣáínà, Tonkin kò sì wọlé síbẹ̀ mọ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Fáíbàgíláàsì ti dé kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀rọ ló ń ṣe é, ó pọ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n. Nígbà tí ọ̀nà Ṣáínà fi ṣí padà, kábọ́ọ̀nù náà ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun kejì tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ rí ni pé gbogbo ara rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe. Òwú ṣẹ́dà ni wọ́n fi wé àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá mọ́ ọn. Ẹ lè gé e kúrò, kí ẹ wé òmíràn. Fáníìṣì ṣeé fọ̀ kúrò. Irin ìsopọ̀ ṣeé fi iná díẹ̀ yọ, kí a sì tún un lẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tó bá ti sán, dídà nù ló sábà máa ń kù. Àwa gbà pé èyí ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà ni àwọn tó ń tà á máa ń sọ.

Kí ẹ tó gbé e dé etí odò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ gbé orí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Gígùn wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi íǹṣì kan kúrú, ó ti kán rí, wọ́n sì ti tún òrùka orí rẹ̀ fi sí i. Ó ṣì ṣeé lò, àmọ́ yóò le díẹ̀ ju èkejì lọ. Bí ó bá fi íǹṣì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrú, ìwà ọ̀pá ti yí padà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ìdánrawò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé abala kọ̀ọ̀kan sójú bí ẹni ń wo ìbọn, kí ẹ máa yí i. Ẹ ó rí i bóyá ó wọ́. Wíwọ́ díẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ẹja àti ọdún ló fà á, oníṣẹ́ lè fi ooru nà án. Ẹ má ṣe gbé e sórí iná gáàsì fúnra yín.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí ẹ̀là máa ya kúrò lára èkejì. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá àtijọ́ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ àti eegun ẹran lẹ̀, ooru àti omi sì ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ wo àwọn ìlà tí ẹ̀là ti pàdé láti ìdí dé orí. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ṣí, tàbí tí èékánná yín bá wọ ibẹ̀, ó ti ń ya. Ẹ tẹ abala náà díẹ̀, kí ẹ gbé e sún mọ́ etí: ọ̀pá tó dá ṣáṣá kì í sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń dún kẹ̀kẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún ọ̀pá ọparun ṣe kí ẹ tó ki okùn bọ̀ ọ́, torí ọjọ́ tí ẹja ńlá bá gbé e ni yóò ya tán.

Ó wá kan irin ìsopọ̀, akọ àti abo. Ẹ fi ọtí sípíríìtì tútù sórí aṣọ mímọ́, kí ẹ nu akọ. Ẹ dì í mọ́ igi tín-ín-rín, kí ẹ nu inú abo. Kò gbọdọ̀ sí òróró tàbí gírísì níbẹ̀, torí gírísì ń kó iyanrìn jọ, iyanrìn sì ń jẹ irin. Ẹ kì wọ́n bọ ara wọn gbọọrọ gbọọrọ láìyí. Nígbà tí ẹ bá ń fà wọ́n yọ, ó yẹ kí ó dún "pó" díẹ̀. Bí kò bá dún, tí ó sì ń mì, ó ti jẹ, a ó ní láti tún un ṣe. Yíyí ọ̀pá láti yọ ọ́ ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́: ẹ̀là mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò lọ́ lábẹ́ irin, gọ́ọ̀mù yóò sì já. Bí ó bá há, ẹ lóṣòó, kí ẹ gbé ọ̀pá gba ẹ̀yìn orúnkún, kí ọwọ́ kan di apá kan, èkejì di apá kejì, kí ẹ wá fi orúnkún ti ọwọ́ síta, tí ọ̀pá yóò sì máa lọ ní ọ̀nà tààrà. Ní ìparí, ẹ fa òwú tín-ín-rín gba inú òrùka kọ̀ọ̀kan. Níbi tí òwú bá ti kọ́, ojú òrùka ti là, yóò sì gé okùn yín.

Bí ẹ bá rí orúkọ tàbí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí ọparun lókè ọwọ́ kọ́ọ̀kì, ẹ má fi ohunkóhun fá a. Apá kan iye tí ọ̀pá náà ní wà lára ìkọ̀wé yẹn.

Okùn yín tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ jẹ́ okùn ṣẹ́dà, ìbátan sányán tiwa, torí kòkòrò ló pèsè òwú àwọn méjèèjì. Òróró lińsíìdì ni wọ́n fi ń kùn ún, òun ló ti yọ́. Ẹ mú mítà kan lára rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á gírí. Bí ó bá já, ó ti jẹrà. Ẹ tú u kúrò, ẹ má bínú. Bí kò bá já, ẹ tún fà á ní ibi mẹ́ta mìíràn kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, torí apá tó wà nísàlẹ̀ ríìlì, tí ọ̀rinrin ti ń pamọ́ sí, ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ra okùn òde òní tó wúwo jù, wọ́n á so ó mọ́ ọ̀pá ọparun, wọ́n á ní ọ̀pá náà rọ̀ bí okùn gbọ̀rọ̀. Okùn ṣẹ́dà ni wọ́n fi díwọ̀n ọ̀pá náà nígbà tí wọ́n ń fá a. Kí wọ́n tó gba ìlànà tuntun ní nǹkan bíi 1961, lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe okùn, sísanra rẹ̀ ni lẹ́tà náà sì ń sọ: A jẹ́ íǹṣì 0.060, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e sì fi 0.005 dín. Nítorí náà HDH jẹ́ okùn tí etí rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín, 0.025, tí àárín rẹ̀ sì jẹ́ 0.045. Ìlànà tuntun ń wọn ìwúwo ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́: nọ́ńbà 5 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 9.1, nọ́ńbà 6 jẹ́ 10.4. Bí wọ́n bá kọ HDH sára ọ̀pá yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6; bí HEH bá ni, 5. Bí kò bá sí ìkọ̀wé kankan, 5 ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò lórí koríko, lẹ́yìn náà kí ẹ yá 4 àti 6 lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí tí ọ̀pá bá fi mítà mẹ́sàn-án okùn tẹ̀ dé nǹkan bí àárín rẹ̀, tí ó sì nà padà láìgbọ̀n, òun ni tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ okùn tí etí rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín, torí bí apá kan bá gbó, ẹ lè yí i padà.

Okùn ike ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ọ̀pá náà bá yín lára mu, ẹ lè wá ra ṣẹ́dà tuntun, wọ́n ṣì ń hun ún ní Yúróòpù. Ìwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín ju ike lọ, torí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ó ń la atẹ́gùn kọjá, ó ń bà sómi wẹ́rẹ́, ó sì ń gba inú àwọn òrùka kékeré àtijọ́ kọjá láìwọ́. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Fúnra rẹ̀, rírì ló ń rì. Ẹ gbọ́dọ̀ fi aṣọ pa gírísì okùn sára mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ẹ nu èyí tó kù dànù, kí ẹ sì tún un ṣe ní ọ̀sán nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Lálẹ́, ẹ tú u kúrò lórí ríìlì, kí ẹ ká a gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ẹ̀yìn àga títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí kò lè ṣe èyí ní gbogbo ìgbà tó bá pẹja, kó má ra ṣẹ́dà.

Bí ẹ bá rí agolo pẹlẹbẹ kan nínú ẹrù náà tí okùn tín-ín-rín aláwọ̀ wúrà wà nínú rẹ̀, ìfun kòkòrò ṣẹ́dà ni, Murcia ní Spain ni wọ́n ti ń nà án láyé àtijọ́. Ẹ pa á mọ́ fún wíwò. Bí kò bá rẹ nínú omi, ó ń ṣẹ́ bí ẹ̀ká igi gbígbẹ, èyí tó sì ti pẹ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bó tilẹ̀ rẹ. Náílọ́ọ̀nù ni kí ẹ so sẹ́nu okùn. Nọ́ńbà X tó wà lára náílọ́ọ̀nù lónìí, ọ̀dọ̀ ìfun yìí ló ti wá: bí wọ́n ṣe fà á gba ihò irin tó láti mú un tín-ín-rín. Ẹ yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú 11, ohun tó kù ni sísanra rẹ̀ ní ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì. 5X jẹ́ mẹ́fà. Ẹ lo 4X tàbí 5X, ẹ má ṣe nípọn ju 3X lọ. Bí ìwọ̀ bá kọ́ igi, náílọ́ọ̀nù ló gbọ́dọ̀ já, kì í ṣe ọparun ló gbọ́dọ̀ kán.

Ríìlì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti nǹkan bíi 1891 ni Perfect ti wà lọ́jà, bọ́ọ̀lù irin ni ó ń yí lé lórí, wọ́n ṣe é kó lè tọ́jọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, torí àwọn bọ́ọ̀lù yẹn lè ta dà nù. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gírísì àtijọ́ kúrò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi gírísì tuntun díẹ̀ sí eyín àti bọ́ọ̀lù. Bí òrùka òkúta bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ fa òwú gbà á kọjá bíi ti ọ̀pá. Ẹ má fi ohun ìdán kankan fọ ara rẹ̀. Àwọ̀ dúdú tó ti ń ṣí yẹn ni olùrà máa ń wò láti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tọ́wọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá wá ń ju okùn, ohun tí ọparun ń bèèrè ni sùúrù. Ẹ gbé ọ̀pá sẹ́yìn láìfi agbára, ẹ dá a dúró nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró, kí ẹ sì dúró de okùn títí yóò fi tàn tán lẹ́yìn yín. Ẹ bojú wẹ̀yìn wò ó, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ìgbà tó bá tàn tán ni kí ẹ tó wá síwájú. Ẹni tó ti mọ́ra pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù máa ń yára jù, okùn á sì wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má so ìwọ̀ tó ní ìlẹ̀kẹ̀ irin wúwo mọ́ ọn. Bí ó bá gbá ọparun lójú ọ̀nà, ó ń dá ọgbẹ́ sí i lára, ojú ọgbẹ́ yẹn ni yóò sì kán lọ́jọ́ mìíràn. Bí ìwọ̀ bá kọ́ nǹkan, ẹ na ọ̀pá sí ọ̀nà okùn gbọnrangandan, ọwọ́ ni kí ẹ fi fa okùn.

Ẹ máa lo orí méjèèjì ní ìpààrọ̀, ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ bá ti délé, ẹ nù ún, kí ẹ jẹ́ kó sùn síta lóru kí ẹ tó kì í sínú àpò aṣọ, kí ẹ wá gbé àpò náà kọ́. Ọ̀pá tó tutù nínú páìpù irin tí a dé pa ń bu, fáníìṣì rẹ̀ á léròrò. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ nígbà ooru, ẹ má sì gbé e ti ẹ̀rọ amúlégbóná.

Ẹ rántí ìwé àṣẹ: ní England, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja kí ó tó ju ìwọ̀ sínú odò. Ẹ tún gbọ́dọ̀ gbààyè lọ́wọ́ ẹni tó ni etí odò náà, tàbí ẹgbẹ́ tó háyà rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n nípa àwọn oṣù tí òfin ti odò pa fún tìráòtù, torí wọ́n yàtọ̀ láti agbègbè dé agbègbè.

Kí ẹ tó ṣe ìkankan nínú gbogbo èyí, ẹ gbé àpò náà lọ bá ìyá àgbà yẹn, kí ẹ bi wọ́n pé odò wo ni bàbá máa ń lọ, irú okùn wo ni wọ́n ń lò, orí wo nínú méjèèjì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ wo inú àpò kékeré ìwọ̀ wọn náà dáadáa. Àwọn ìyẹ́ tó bá ti gbó jù níbẹ̀ ni ẹja odò yẹn ń gbà.